ÌTUMỌ̀ ODÙ NÍNÚ ẸẸ́RÌNDÍNLÓGÚN: ORÚKỌ NÌKAN KÒ TÓ

Ìfáárà
Ẹẹ́rìndínlógún jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà tí àwọn Yorùbá ń gbà ṣe àyẹ̀wò. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni a fi ń ṣe é. Àwọn olórìṣà, bí ọlọ́ṣun, oníṣàngó àti àwọn abọ Òrìṣàálá, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó ń lò ó. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Kúbà náà ń lò ó. Dilogún ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé ìdánwò wò, a máa ń rí i pé orúkọ odù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń túmọ̀ odù. Wọn a ní Ọ̀sá túmọ̀ sí pé ẹni náà yóò sá, Òdí sì túmọ̀ sí pé ọ̀nà rẹ̀ dí. Àṣìṣe yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ tún ṣe. Èrò wa ni pé odù nìkan kọ́ ni ó ń fọhùn. Ibò àti ẹsẹ ni ó ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí odù ṣe ń yọ
A máa ń gé ẹ̀yìn owó ẹyọ kí ó lè fi ojú méjèèjì lélẹ̀. Bí awo bá dà wọ́n sílẹ̀, iye tí ó ṣí ẹnu sókè ni yóò kà. Bí ọ̀kan bá ṣí, Ọ̀kànràn ni, bí ó bá jẹ́ méjì, Èjì Òkò, márùn-ún, Ọ̀ṣẹ́, méje, Òdí, mẹ́jọ, Èjì Ogbè, mẹ́sàn-án, Ọ̀sá. Bí gbogbo wọn bá dojú dé, Ọ̀pìrà ni. Odù mẹ́tàdínlógún ni ó lè yọ.

Iṣẹ́ ibò
Lẹ́yìn èyí ni awo yóò béèrè bóyá ire ni odù náà mú wá tàbí ibi. Ẹni tí ó wá ṣàyẹ̀wò yóò di ibò mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì lọ́wọ́ òsì. Awo yóò tún owó dà. Ipò àgbà odù tí ó yọ ni yóò sọ ọwọ́ tí a ó ṣí. Bí ó bá jẹ́ ire, a ó tún béèrè irú ire tí í ṣe: àìkú, owó, aya, ọmọ tàbí ìṣẹ́gun. Bí ó bá jẹ́ ibi, ó lè jẹ́ ikú, àrùn, ìjà, àìlówó tàbí òfò. Odù kan náà, nígbà náà, lè gbé ire fún ẹnì kan, kí ó sì kìlọ̀ ibi fún ẹlòmíràn.

Ẹsẹ àti ẹni tí ó ni ín
Awo yóò wá máa ki ẹsẹ odù náà. Nínú ẹsẹ, a ó gbọ́ nípa ẹni àtijọ́ tí a ṣàyẹ̀wò fún, ẹbọ tí a ní kí ó rú, àti àyọrísí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó gbé e wá ni yóò mọ ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ kùtà àti bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bí Ọ̀sá bá yọ fún àwọn méjèèjì lówùúrọ̀ kan náà, ẹsẹ kan náà kọ́ ni wọn yóò mú lọ sílé.

Ìwé tí William Bascom tẹ̀ jáde ní 1980, èyí tí ó dá lórí ẹsẹ tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu Salakọ, awo Ọ̀yọ́, fi hàn pé ẹsẹ púpọ̀ ni ó wà lábẹ́ odù kan.

Ìkádìí
Bí a bá ń kọ́ni ní odù bí ẹni tí ń ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹsẹ ni a ń pa kú, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ ni lítíréṣọ̀ inú rẹ̀. Kí olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta: odù wo ni ó yọ? Kí ni ibò wí? Ẹsẹ wo ni ẹni náà mú, kí sì ni ìdí rẹ̀? Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú babaláwo dífá lọ́rọọrún. Bí orúkọ odù bá tó fún ìtumọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à bá máa ṣàyẹ̀wò.