Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ń Wọn Igi Ní Erékùṣù Panama

Bí a bá sọ fún bàbá kan nínú wa pé ọmọ rẹ̀ tí ó fi owó kòkó rán lọ sí yunifásítì ń jí ní kùtùkùtù láti máa fi tépù wọn ìdí igi nínú igbó, ó ṣeé ṣe kí ó béèrè ohun tí ọmọ náà fi sàn ju ọdẹ lọ. A kò bá irú bàbá bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, bá wa fi ojú inú wo erékùṣù kan tí ń jẹ́ Barro Colorado ní ilẹ̀ Panama, níbi tí èyí ti di iṣẹ́ òòjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Erékùṣù yìí kì í ṣe ti inú òkun. Orí òkè ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà sé odò Chagres láti la ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1914, omi bo àfonífojì, òkè náà sì dá dúró láàárín adágún Gatun. Ní ọdún 1923 ni a yà á sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Láti ọdún 1946 ni ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ Smithsonian ti ń ṣe àbójútó rẹ̀. Gamboa ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe àkùkọ ni ó ń jí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn ọ̀bọ kan ti máa ń ké lórí igi, igbe wọn sì le tó bẹ́ẹ̀ tí àjèjì yóò fi rò pé ẹkùn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun, yóò ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn, yóò sì sọ ọ̀nà tí ó ń gbà fún àwọn tí ó kù nílé, nítorí ejò olóró wà nínú igbó náà.

Nínú igbó yìí ni ilẹ̀ hẹ́kítà 50 wà, èyí tí Stephen Hubbell àti Robin Foster bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1980. Gbogbo igi tí ó bá ti nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 ni a so nọ́ńbà mọ́, tí a sì kọ sínú ìwé. Wọ́n lé ní 200,000, oríṣi wọn sì tó bíi 300. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún márùn-ún ni a ń padà kà wọ́n. Ẹ rò ó wò ná: ọ̀pá tín-ín-rín tí ọmọdé lè fi ṣe ẹgba, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀! Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, yóò wá nọ́ńbà, yóò wọn igi níbi tí ó tó àyà ènìyàn, yóò pe iye rẹ̀ sókè, ẹnìkejì yóò sì kọ ọ́. Bí ó bá kan àràbà, ìdí rẹ̀ tí ó yọ bí ògiri kò ṣeé fi tépù yí ká. Àkàbà ni a ó gbé tì í kí a tó lè wọ̀n ọ́n lókè. Àràbà tiwa yìí kan náà ni. Ó ń hù ní Panama, bí ìyeyè náà ti ń hù níbẹ̀.

Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kejìlá, òjò kì í jẹ́ kí bàtà gbẹ. Ìwé a máa bu. Èèrà dúdú ńlá kan wà níbẹ̀ tí oró rẹ̀ lè mú àgbàlagbà sunkún. Lálẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò já eégbọn kúrò lára, yóò sì jókòó ti ìwé láti yẹ iye tí wọ́n kọ lọ́sàn-án wò. Bí iye kan bá fi hàn pé igi kan tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí ó ti rí lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ jókòó sílé tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì ni yóò padà lọ sídìí igi náà.

Kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí? Ní ọdún 1983, ọ̀dá ńlá mú ilẹ̀ náà, igi púpọ̀ sì kú. Níbòmíràn, ẹnu lásán ni a ì bá fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ti ń so nọ́ńbà mọ́ wọn ṣáájú, nígbà tí a padà kà wọ́n ní ọdún 1985, a mọ oríṣi tí ó kú jù, a sì mọ èyí tí ó fara dà á. Àwọn tí ó so nọ́ńbà wọ̀nyí kò mọ̀ pé ọ̀dá ń bọ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe.

Irú iṣẹ́ yìí ti dé Nàìjíríà, nínú igbó Ngel Nyaki ní ìpínlẹ̀ Tàràbà. Nílẹ̀ Yorùbá, igbó Ọmọ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí UNESCO ti kọ sínú ìwé rẹ̀ láti ọdún 1977, ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú àti olóko kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń kọ́ orúkọ igi sórí láìfi ọwọ́ kan igi náà rí. Olùkọ́ tí ó bá ní okùn, pẹ́ńsù àti ìwé kan kò ní láti dúró de ìjọba. Kí ó kó àwọn ọmọ lọ sídìí igi tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, kí ó fi ìwé náà lé ọwọ́ olùkọ́ tí ó rọ́pò rẹ̀.