Fáàfù: Ilẹ̀kùn Afẹ́fẹ́ Nínú Ẹ̀rọ

Bí a bá kì afẹ́fẹ́ mọ́ inú táǹkì, ọ̀nà àbájáde ni yóò máa wá. Ohun tí ń pàṣẹ ìgbà tí yóò jáde, ibi tí yóò gbà àti ìwọ̀n tí yóò kọjá ni à ń pè ní fáàfù. Ilẹ̀kùn ni fáàfù jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Èkíní kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn. Irú rẹ̀ ni ó wà lẹ́nu táyà: bí fọ́kánáísà bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò ṣí, bí ó bá yọ rọ́bà kúrò, agbára inú táyà àti sipiríǹgì kékeré kan yóò pa á dé. Èkejì ni fáàfù ààbò, tí ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí agbára bá fẹ́ kọjá ààlà, kí táǹkì má baà bẹ́. Ẹ̀kẹta ń yí ọ̀nà padà: bí ó ti ń rán afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan písítìn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tú ti ẹ̀gbẹ́ kejì dànù, kí písítìn lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá tán ńkọ́? Ní ọdún 1869, George Westinghouse, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé bíréèkì afẹ́fẹ́ jáde fún ọkọ̀ ojú irin. Awakọ̀ a ṣí fáàfù, afẹ́fẹ́ a sì gba inú páìpù lọ bá bíréèkì gbogbo kóòṣì. Àléébù rẹ̀ ni pé bí páìpù bá já, bíréèkì di asán. Ní 1872 ó tún èrò náà pa: ó fún kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní táǹkì kékeré àti fáàfù oníṣẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí agbára inú páìpù bá pé, fáàfù yìí a rọ afẹ́fẹ́ kún táǹkì náà, a sì tú bíréèkì sílẹ̀. Bí agbára inú páìpù bá lọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé awakọ̀ ni ó tú u, ìbáà jẹ́ pé páìpù ni ó já, agbára inú táǹkì yóò borí, yóò ti fáàfù sí òdìkejì, afẹ́fẹ́ yóò sì lọ fi bíréèkì di kẹ̀kẹ́ mú. Àìsí afẹ́fẹ́ nínú páìpù wá di àṣẹ pé kí ọkọ̀ dúró.

Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1889, nítòsí Armagh ní ilẹ̀ Ireland, ọkọ̀ ojú irin kan tí ó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ ṣe fàájì kò lè gun òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ já a sí méjì. Bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ń di kẹ̀kẹ́ mú fúnra rẹ̀ bí páìpù bá já. Àwọn kóòṣì ẹ̀yìn yí padà sísàlẹ̀, wọ́n sì kọlu ọkọ̀ mìíràn tí ń bọ̀. Ènìyàn 80 ni ó kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Láàárín ọdún náà ni òfin jáde ní ìlú Ọba pé bíréèkì tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ ojú irin tí ń kó èrò gbọ́dọ̀ ní.

Irú èrò kan náà ni ó wà nínú àwọn ọkọ̀ àjàgbé ńlá òde òní. Sipiríǹgì líle ni ó ń di kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn mú. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tì í sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó lè rìn. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán fi ń dúró gbagidi. Awakọ̀ tí ó bá ní kí mẹkáníìkì de sipiríǹgì náà pa, kí òun ṣáà lè máa bá ìrìn àjò òun lọ, ẹ̀ṣọ́ ni ó lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà.