Kọ́kọ́rọ́ Kan Kì Í Ṣí Gbogbo Àgádágodo

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí àgádágodo méjì bá jọra lójú, ṣé kọ́kọ́rọ́ kan náà ni yóò ṣí wọn? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kan tí àwọn dókítà ń pè ní GIST rí. Kò wọ́pọ̀. Inú àpòlúkù tàbí ìfun ni kókó rẹ̀ ti máa ń yọ. Láyé àtijọ́, bí iṣẹ́ abẹ kò bá lè mú un kúrò tán, agbára káká ni a fi ń rí oògùn tí ó kápá rẹ̀.

Ní ọdún 1998 ni Seiichi Hirota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí ìdí àrùn náà. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú ara wa tí à ń pè ní jíìnì, òun ni ó ń darí bí ara ṣe ń dàgbà. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo ni ó ya ọkọ̀ tí à ń wọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń roko. Irú àṣìkọ kékeré bẹ́ẹ̀, nínú jíìnì tí ń jẹ́ KIT, ni ó ń pàṣẹ pé kí kókó náà máa dàgbà láìdúró.

Ní ọdún 2000, ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, àwọn dókítà fún obìnrin kan tí àrùn yìí ti ràn dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní oògùn imatinib, èyí tí ń dènà àṣẹ KIT. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kókó náà ti ń sún kì.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀! Ojú ibi tí àṣìkọ wà yàtọ̀ láti ara aláìsàn kan sí èkejì. 400 mílígíráàmù lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀. Dókítà lè fún àwọn mìíràn ní 800. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ D842V nínú jíìnì PDGFRA, imatinib kò ní ṣe é lóore. Avapritinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020, ni ó bá a mu. Ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò lè ná gbogbo owó ọjà rẹ̀ sórí oògùn tí kò lè ṣiṣẹ́, kí àrùn sì máa gbilẹ̀.

Nítorí náà, bí dókítà bá dárúkọ GIST, ẹ bi í pé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé a ti yẹ jíìnì kókó náà wò?” Lára ẹran tí a gé nínú kókó ni a ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Kí ẹbí má sì dá ara wọn lẹ́bi, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, inú kókó nìkan ni àṣìkọ náà wà, kì í ṣe àjogúnbá.

Kí a tó já ewé, ẹ jẹ́ kí á mọ àrùn.