Ìbẹ̀rù ni Ó Bí Ìtàn Ṣọ̀pọ̀nná

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan lókè òkun a máa sọ pé àròsọ lásán ni gbogbo ìtàn tí ń dẹ́rù bani. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ yẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wò, a ó rí i pé ohun tí ojú ènìyàn rí gan-an ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni ó kàn tò ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ti Ṣọ̀pọ̀nná ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà tí àrùn yìí bá wọ ìlú láyé àtijọ́, a máa pa ọmọdé, a máa pa àgbà. Nínú àwọn tí ó bá yè é, ẹlòmíràn a fọ́jú, ojú ẹlòmíràn a sì kún fún àpá. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kò lè bẹ ohun tí kò ní etí. Nítorí náà ni ìbẹ̀rù ṣe fún àrùn ní etí, ó fún un ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn kiri, ó sì fún un ní ìbínú.

Wọ́n ní ọ̀sán gangan ni ó ń rìn, nígbà tí oòrùn bá mú, àti pé ẹni tí ó bá wọ aṣọ pupa jáde ń pè é níjà. Ìdí tí a fi ń pè é ní Ilẹ̀gbígbóná nìyí. Òótọ́ sì ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn náà ń jà jù, nítorí kòkòrò rẹ̀ a máa pẹ́ láyé nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, àwọn ènìyàn a sì máa rìnrìn àjò lẹ́yìn ìkórè. Ní ilẹ̀ Dàhòmì, níbi tí a ti ń pè é ní Sakpata, wọ́n ní òun ni ó ni ọkà, àti pé ọkà tí ènìyàn jẹ ni ó ń mú kí ó sú sí i lára. Ẹni tí ó bá ti rí ara olóde rí kò ní bi wá léèrè ibi tí wọ́n ti rí àfiwé yìí.

Ìtàn kan sọ pé arọ ni òrìṣà náà, pé ó ṣubú níbi tí àwọn òrìṣà ti ń jó, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ó sì fi àrùn bá wọn jà, títí Ọbàtálá fi lé e lọ sínú igbó. Àrùn yìí a máa ba oríkèé ọmọdé jẹ́. Inú igbó ni a sì ń sin òkú rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù a máa ní olówò tirẹ̀. A kì í sunkún ẹni tí Ṣọ̀pọ̀nná bá pa, ọpẹ́ ni a ń dá. Àwọn àwòrò ni ó sì ń kó ẹrù olóògbé. Dókítà Ògúntọ́lá Sápàrà wọ inú ẹgbẹ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀, ó sì jẹ́rìí pé wọ́n ń fi èépá ara aláìsàn ran ẹlòmíràn. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fòfin de ìsìn náà.

Ní Kúbà, Babalú Ayé ṣì ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ èrò ń bẹ̀ ẹ́ fún ní El Rincón ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún.

Ọdún 1970 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti parẹ́ láyé. Síbẹ̀, ẹ pe orúkọ náà ketekete lọ́sàn-án ní iwájú àgbàlagbà kan, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀.