Ojú tó rí lẹ́tà kà, tí kò rí àtẹ̀gùn: Ọṣẹ́ tí glaucoma ń ṣe ní kọ̀rọ̀

Bàbá tó ka ìwé ìròyìn láàárọ̀ láìsí wàhálà ló fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá tó ń ṣẹ́ owó lọ́jà láìṣìṣe ló ń da ẹ̀kọ mímu sẹ́yìn kọ́ọ̀bù funfun. Àwọn ará ilé á ní ọjọ́ ogbó ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma.

Omi kan wà nínú ẹyin ojú tó ń sun, tó sì ń ṣàn jáde. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde kò bá já gaara mọ́, omi náà á máa ti ojú láti inú, á sì máa ba iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ti àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí omi náà kò pọ̀ jù, síbẹ̀ tí iṣan ọ̀hún ń bàjẹ́.

Kí èèyàn rí lẹ́tà dúdú lára pátákó funfun, ọ̀tọ̀ ni. Kó rí ohun tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti ibi tó wà, ọ̀tọ̀ ni. Glaucoma lè dín ìríran kejì yìí kù nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì mú dáadáa. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń ka lẹ́tà tán níwájú dókítà, tí kò sì rí ewúrẹ́ dúdú tó dùbúlẹ̀ sórí títì ọlọ́dà nírọ̀lẹ́.

Lọ́dún 1988, Denis Pelli, John Robson àti ẹnìkejì wọn, Arnold Wilkins, gbé pátákó kan jáde fún irú àyẹ̀wò yìí. Bákan náà ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ṣe tóbi, ṣùgbọ́n dúdú wọn ń ṣá díẹ̀díẹ̀ títí wọn ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti pé ogójì ọdún, bíi márùn-ún ló ní glaucoma. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní i, àwọn tó mọ̀ kò sì tó mẹ́fà. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní i gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù.

Ẹ̀kán oògùn tí wọ́n ń kán sójú, iná lésà tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá àrùn náà dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ kò ní padà. Kí ẹni tó bá lọ sílé ìwòsàn má gbà pé lẹ́tà kíkà nìkan ti tó: kó ní kí wọ́n wọn agbára omi ojú, kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ojú wò, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ń rí ẹ̀gbẹ́.

Nílé, ẹ kun etí àtẹ̀gùn ní ọ̀dà funfun. Ẹ bu fùfú sínú àwo dúdú, kí ẹ sì bu àmàlà sínú èyí tó funfun. Ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn o, kì í ṣe ìwòsàn.

Yorùbá ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Glaucoma tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa kì í ṣepin, kì í sì í dunni. Àyẹ̀wò nìkan ló lè tú u fó kí ilẹ̀ tó ṣú.