Kọ̀ńdọ́ Tí Kì Í Ka Èrò

Ní Òṣòdì láàárọ̀, kọ̀ńdọ́ á máa ké: “Ìsọlọ̀! Jákàńdè! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!” Mẹ́rin-mẹ́rin ló ń to èrò sórí ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká ní kọ̀ńdọ́ kan wà tí kì í kà wọ́n. Ó ń kó èrò ṣáá. Ọkọ̀ kún àkúnfàya, wọ́n ń ti ara wọn síwájú, títí ẹnì kan fi bọ́ sí àyè dírẹ́bà, tó sì gbá sítẹ́rìn mú. Ibi tó bá wu onítọ̀hún ni gbogbo wọn ń lọ nìyẹn.

Ọ̀nà kan tí olè fi ń gba sáfà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ báńkì tàbí ti ilé ìwòsàn nìyí. Bí ìbéèrè bá dé látọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn, sáfà á ya àyè sọ́tọ̀ fún un nínú mẹ́mórì, ká ní ti lẹ́tà 100. Nítòsí àyè yìí ló kọ àdírẹ́sì iṣẹ́ tí yóò padà sí sí. Àyè dírẹ́bà nìyẹn. Bí ẹni tó kọ sọ́fúwià kò bá ní kó kọ́kọ́ ka lẹ́tà, ìbéèrè onílẹ́tà 400 á kún bo àdírẹ́sì náà. Olè á ti fi tirẹ̀ rọ́pò, èyí tó ń tọ́ka sí àṣẹ tó fi pamọ́ sínú ìbéèrè kan náà. Sáfà á rò pé iṣẹ́ òun lòún padà sí; iṣẹ́ olè ló ń jẹ́.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, ọdún 2003, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Slammer gba ọ̀nà yìí wọ SQL Server 2000, sọ́fúwià Microsoft tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju báìtì 376 lọ. Kò pa fáìlì kankan rẹ́. Ó kàn ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ kiri ni. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan bí sáfà 75,000 tó kó ràn. Ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì wá dí pa débi pé púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ATM 13,000 ti Bank of America kò lè sanwó, íntánẹ́ẹ̀tì Gúúsù Kòríà sì dákú.

Bẹ́ẹ̀, oògùn ti wà nílẹ̀. David Litchfield, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ti rí ihò tí Slammer gbà wọlé, Microsoft sì ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù Keje ọdún 2002. Àwọn tó ni sáfà ló ń sọ pé ó dọ̀la.

Ojú lásán la fi ń rí dánfó tó kún. Sáfà kò lójú. Àfi kó kà.