Iná Abẹ́ Táìlì: Mímú Ilẹ̀ Balùwẹ̀ Kékeré Móoru ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà òtútù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ balùwẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń bẹ̀rù jù. Ẹní tí a tẹ́ síbẹ̀ àti táìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ bákan náà lójú tẹmómítà, síbẹ̀ táìlì ni yóò dà bí omi àmù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí pé ó máa ń tètè fa ooru kúrò lára ènìyàn. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ onílé, bí wọ́n bá ń tún balùwẹ̀ ṣe, máa tẹ́ wáyà iná mànàmáná sábẹ́ táìlì.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí àwọn ará Róòmù ń jọba lé ilẹ̀ náà lórí, wọ́n gbé ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wọn ní ìlú Bath ka orí àwọn òpó kúkúrú, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ààrò a sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn òpó náà ṣì wà níbẹ̀ tí àlejò ń wò wọ́n.

Lóde òní, ẹlòmíràn a máa ri páìpù omi gbígbóná mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni ìyẹn yẹ jù. Wáyà tí a ti so mọ́ àwọ̀n kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 tàbí 4 lọ. Kò ní gbé ilẹ̀ sókè débi tí ilẹ̀kùn yóò fi há. Pátákó fúyẹ́ tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá ni ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀ dé orí kọnkéré. Ẹni tí ó bá fo èyí láti fi owó pamọ́, kọnkéré ni yóò máa sanwó iná fún.

Ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Wáyà kò gbọdọ̀ gba abẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀, nítorí ooru tí kò rí ọ̀nà jáde yóò bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣó tí ó di ìjókòó ìyàgbẹ́ mọ́lẹ̀ lè gún un. Bí ààyè tí ó ṣẹ́kù bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2.5, tí wáyà sì ń lo wáàtì 150 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 375. Èyí kò tó iná tí áyọ́ọ̀nù ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí fèrèsé bá ń jo afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò móoru.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni gígé wáyà tí ń gbóná náà nítorí pé ó gùn jù. Àwọ̀n ni a lè gé, kí wáyà lè ṣẹ́rí padà. Fóòlùtì 230 tí ń bọ̀ láti ìta kò ní dínkù nítorí pé wáyà kúrú. Ìdènà tí wáyà ń ṣe sí iná ni yóò dínkù, iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ooru rẹ̀ yóò sì kọjá èyí tí awọ rẹ̀ lè gbà. Wáyà wáàtì 375 gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí óòmù 141 hàn lójú mítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n: bí ó ti ti inú páálí jáde, lẹ́yìn tí a tẹ́ ẹ, àti lẹ́yìn tí táìlì bò ó. Bí òǹkà kejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, wáyà ṣì wà lójútáyé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kẹta ni, òòlù ni yóò fọ́ táìlì tuntun.

Ní ibi tí omi àti iná ti ń pàdé, ẹ̀rọ agéná gbọ́dọ̀ wà tí yóò gé e kíákíá bí mìlíámpù 30 bá ṣáko lọ sí ilẹ̀ tàbí sí ara ènìyàn. Láti 2005, òfin ilé kíkọ́ níbẹ̀ kò gbà kí fífa ọ̀nà iná tuntun wọ balùwẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀: ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀, tààrà tàbí láti ọwọ́ oníṣẹ́ iná tí a fọwọ́ sí. A kì í sì í tan iná náà láti fi gbẹ sìmẹ́ńtì táìlì. Ọjọ́ tí ẹni tí ó ṣe sìmẹ́ńtì náà dá fún un ni wọ́n ń dúró dè.

Òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti fọ́tò wáyà kí táìlì tó bò ó ni wọ́n ń fi sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí fíúsì, fún ẹni tí yóò fẹ́ lu ilẹ̀ náà ní ọdún mẹ́wàá sí i.